Ọ̀nà Kan Ò Wọjà

Tọ́mọ bá wá yunifásítì tí kò rí i wọ̀, a óò ní kó má sunkún, ọ̀nà kan ò wọjà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò rò pé ẹni tí ilẹ̀kùn tì mọ́ nìkan ló ni òwe yìí o. Ẹni tí títì là kedere níwájú ẹ̀ tó tún ní ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ lòun fẹ́ gbà, òun gan-an ló yẹ ká máa pa á fún, òun àtàwọn òbí ẹ̀.

Òṣèrébìnrin kan tó ń jẹ́ Sandra Oh ló gbé e wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ Kòríà tí wọ́n bí sí Kánádà ni, ní Nepean, ní Ottawa lọ́hùn-ún, lọ́dún 1971. Oníṣòwò ni bàbá ẹ̀, onísáyẹ́ǹsì nìyá ẹ̀, ẹ sì mọ bí òbí tó rìn jìnnà débi àjò ṣe máa ń fẹ́ kọ́mọ òun kàwé tó. Yunifásítì Carleton fẹ́ fún un ní sikọ́láṣíìpù ọdún 4 kó kọ́ iṣẹ́ ìròyìn. Sikọ́láṣíìpù o! Ó ní rárá, ó gba Montreal lọ, ó lọ ń fowó ara ẹ̀ kọ́ eré ṣíṣe ní National Theatre School, ó wá sọ fáwọn òbí ẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kóun fi ọdún bíi mélòó kan gbìyànjú ẹ̀ wò, tí ò bá bọ́ sí i, òun á padà lọ yunifásítì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀. Ọmọ yìí ò bínú jáde nílé, kò purọ́ fún wọn, ó dá ìgbà fún ara ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa, bí wọ́n ṣe ń bá òbí sọ ọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá yà sọ́nà ẹ̀gbẹ́, òun náà ló máa ru ẹrù ẹ̀.

Ó sì rù ú. Ó jáde nílé ìwé lọ́dún 1993, fíìmù Double Happiness gba Genie, ẹ̀bùn fíìmù ilẹ̀ Kánádà, fún un, síbẹ̀ 2005 ló tó di Dókítà Cristina Yang inú eré tẹlifíṣọ̀n Grey's Anatomy tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, ó sì ṣe é títí di 2014.

Èyí tó kan èmi lára jù ni ti Killing Eve, eré tẹlifíṣọ̀n mìíràn. Wọ́n fi ìwé eré náà ránṣẹ́ sí i, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù, ó ń wá ibi tóun wà nínú ẹ̀, kò rí i, ló bá bi ẹ́jẹ́ǹtì ẹ̀ pé ta ni wọ́n fẹ́ kóun ṣe. Eve ni! Ẹni tórúkọ ẹ̀ wà lórí eré! Ó ti lé lógún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ọkàn ẹ̀ ò tiẹ̀ lọ síbẹ̀, torí kò rí ẹni tó jọ ọ́ nírú ipò yẹn rí. Èèyàn lè dénú ọjà kó ṣì máa wá àyè létí ọ̀nà, nígbà tó jẹ́ pé ìsọ̀ àárín ọjà ni tiẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́mọ nílẹ̀ àjèjì, ẹ máa fojú yín wo ibi tí wọ́n ń wá ara wọn sí.

Lọ́dún 2018, òun ni obìnrin Éṣíà àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn fún Emmy, ẹ̀bùn eré tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí òṣèrébìnrin tó léwájú nínú eré drama. Nígbà tó gba ẹ̀bùn Golden Globe ní January 2019, èdè Kòríà ló fi sọ fún ìyá àti bàbá ẹ̀ pé òun fẹ́ràn wọn. Bàbá náà ti dìde nídìí tábìlì, ó ń pàtẹ́wọ́.