Irọ́ ni pé ọlọ́pàá Kòríà máa ń wọ ẹgbẹ́ jàǹdùkú títí á fi di ọ̀gá wọn

Ẹni tó bá ń wo fíìmù Kòríà ti mọ ìtàn náà tán: wọ́n rán ọlọ́pàá kan wọ ẹgbẹ́ jàǹdùkú, ó pẹ́ níbẹ̀ lọ́dún gbọọrọ, olórí ẹgbẹ́ kú, àwọn ìgbákejì dojú ìjà kọra wọn nítorí ipò, àfi bó ṣe ku ọlọ́pàá wa nìkan tí wọn ó fi jọba. Ìtàn náà dùn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí ọlọ́pàá Seoul àti Busan ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn, òfin ibẹ̀ kò sì fàyè gba irú rẹ̀.

Òfin ìwà ipá tí wọ́n fi ń mú àwọn jàǹdùkú, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1961, kì í dúró dìgbà tí wọ́n bá gúnni lọ́bẹ. Abala 4 rẹ̀ ní ẹni tó bá dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tàbí tó kàn wọ̀ ọ́, ti dẹ́ṣẹ̀. Ikú, ẹ̀wọ̀n gbére tàbí ọdún 10 ó kéré tán ni ti olórí. Ìgbákejì, ẹ̀wọ̀n gbére tàbí ọdún 7 ó kéré tán. Ọmọ ẹgbẹ́ lásán, ọdún 2 ó kéré tán. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá inú fíìmù bá ti wọlé ló ti jẹ gbèsè ọdún 2. Bó ṣe ń gòkè ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ń gùn sí i! Abala 9 tún wá fún un pa: ọlọ́pàá tó bá mọ ẹni tó ṣẹ̀ sí òfin yìí tí kò mú un, òun náà yóò ṣẹ̀wọ̀n ọdún 1 ó kéré tán.

Kí ọdún 2021 tó dé, kò sí òfin kan tó là á kalẹ̀ pé ọlọ́pàá lè fi orúkọ ẹlòmíì ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ Nth Room, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí wọ́n ti ń fipá mú àwọn ọmọbìnrin ya ara wọn níhòòhò tí wọ́n sì ń tà á lórí Telegram, ló mú kí wọ́n tún òfin tó ń dáàbò bo ọmọdé ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Bí ọlọ́pàá kò bá kàn fẹ́ sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ọ̀gá rẹ̀ ló máa fọwọ́ sí i, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù 3 lọ. Bó bá jẹ́ ìwé ìdánimọ̀ ayédèrú ló fẹ́ lò, ó di dandan kí agbẹjọ́rò ìjọba bá a gba àṣẹ nílé ẹjọ́. Oṣù 3 náà ni. Wọ́n lè sún un síwájú, àmọ́ àpapọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ọdún 1. Ní 2025, wọ́n fẹ òfin náà dé orí àgbàlagbà tí wọ́n bá hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ sí. Ìwà ìbàjẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀ wà fún. Kò kan ẹgbẹ́ jàǹdùkú.

Lóòótọ́, àwọn ọlọ́pàá máa ń díbọ́n pé àwọn fẹ́ ra oògùn olóró. Ìyẹn kò ju pé kí wọ́n ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tó ti ń tà á tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá ló ti èèyàn sínú ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sí lọ́kàn rẹ̀, ilé ẹjọ́ yóò da ẹjọ́ náà nù.

Ká tiẹ̀ ní òfin gbà á, ta ni yóò gba àjèjì wọlé? Ìlú kan náà àti ilé ìwé kan náà ni wọ́n sábà máa ń ti kó ọmọ ẹgbẹ́ jọ. Wọ́n á béèrè ẹni tó ṣáájú rẹ nílé ìwé, wọ́n á sì pè é lórí fóònù lójú rẹ.

Iṣẹ́ gidi kò yá fíìmù. Orúkọ àwọn jàǹdùkú tó lé ní 5,000 ló wà nínú ìwé ọlọ́pàá. Bí ọ̀gá wọn kan bá kú, tàbí tó ń ṣe ìgbéyàwó, àwọn ọlọ́pàá á wà níta, wọ́n á máa wo ẹni tó dé àti ẹni tó ń kí ta. Ìyókù di ti ilé ẹjọ́ tó ń fún wọn láṣẹ láti tẹ́tí sí fóònù, àti ti báńkì. Láti 1993 ni àkáǹtì kò ti ṣeé ṣí láìlo orúkọ ẹni gan-an, ìdí nìyí tí àwọn tó ń pa owó tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń ra àkáǹtì lọ́wọ́ ẹni tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn. Bí ọlọ́pàá bá ti rí irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀, wọ́n á mú ẹni tó ni ín, òun ni yóò sì dárúkọ ẹni tó wá rà á.