Èsì wa fún Alhaja tó bá wa lọ wo omi Nohkalikai lóṣù Keje

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Alhaja. Ẹ kú ìrìn, ẹ sì kú ìrora orúnkún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ kí n tó fọwọ́ kan fóònù láti dáhùn, torí nígbà àkọ́kọ́ tí mo kà á, inú ló bí mi. Ìràwọ̀ méjì péré lẹ fún wa nínú márùn-ún. Ẹ ní ẹ wọ bàálù láti Delhi dé Guwahati, ẹ jókòó sínú ọkọ̀ títí dé Sohra ní ìlà oòrùn àríwá Íńdíà, níbi tí omi Nohkalikai ti ń já látorí àpáta, ẹ wá dúró síwájú nǹkan funfun báláú bí ẹni tí wọ́n faṣọ bò lójú. Ẹ ní omi búlúù tá a fi polówó, ẹ ò rí i. Ẹ ní a pe àtẹ̀gùn tó lé ní 3,000 ní "ìrìn díẹ̀". Ẹ sì ní ká dá ìdajì owó yín padà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí fọ́tò, torí ibẹ̀ la ti jẹ̀bi. Oṣù Kejìlá ni mo ya fọ́tò yẹn. Lásìkò yẹn, òjò ti dá lórí òkè Khasi, ojú ọ̀run á mọ́ kedere, adágún tó wà nísàlẹ̀ Nohkalikai á dúró jẹ́ẹ́, á sì ní àwọ̀ bí aró tí wọ́n bu omi là. Ṣùgbọ́n omi tó ń já sínú rẹ̀ á ti tín-ín-rín bí okùn, nítorí òjò ló ń bọ́ ọ. Tó bá di oṣù Keje, omi á kún, á máa ya bọ̀ láti òkè 340 mítà, ariwo rẹ̀ á gba gbogbo ọ̀gbun náà kan. Àmọ́ ẹ ò ní rí búlúù kankan, kùrukùru sì lè bo gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó bá ń ta ìrìn àjò Sohra gbọ́dọ̀ sọ èyí tó ń tà nínú méjèèjì. Èmi fi fọ́tò ọ̀kan ta èkejì fún yín. Ẹ má bínú, mà.

Kùrukùru fúnra rẹ̀ kọ́ ni mo ń tọrọ gáfárà fún o. Ìkúùkù tó ń gbé òjò bọ̀ láti òkun Bengal á la pẹ̀tẹ́lẹ̀ Bangladesh kọjá láìsí ohun tó dá a dúró, òkè Khasi ló máa kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kọ, ibẹ̀ náà ló sì ń da ẹrù rẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí Sohra, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Cherrapunji, fi gba òjò 26,461 mìlímítà láti oṣù Kẹjọ ọdún 1860 dé oṣù Keje ọdún 1861. Àwọn ará ibẹ̀ ò tiẹ̀ wojú òjò mọ́. Ẹ ṣáà rántí àwọn obìnrin tá a rí lóko, tí wọ́n gbé knup, ìbòrí òjò tí wọ́n fi ọparun àti ewé hun, sẹ́yìn bí ìkarahun ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn lọ. Ẹ̀yin lẹ ní ká bá yín ra ọ̀kan.

Ẹ wá ní ẹ ò rí nǹkan kan rárá. Alhaja! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sínú fídíò tí wọ́n fi sórí WhatsApp wa. Kùrukùru yà bí aṣọ ìkélé, omi yọ gbọọrọ látòkè délẹ̀, ẹnì kan sì ń kígbe "Subhanallah" débi pé a ò fẹ́ẹ̀ gbọ́ ariwo omi mọ́. Gbogbo wa la mọ ẹni tó lohùn. Ìṣẹ́jú méjì nínú wákàtí mẹ́ta kéré, mo gbà, àmọ́ kì í ṣe òfo.

Ẹ kọ ọ́ pé ẹ rò pé bíi ti Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni, tẹ́ ẹ máa bọ́ bàtà kí omi dà sí yín lára. Òdìkejì ọ̀gbun lèèyàn ti ń wo Nohkalikai. Ó yẹ ká ti sọ ìyẹn náà. Ní ti ìtàn Ka Likai tẹ́ ẹ ní wọ́n sọ fún yín nídìí oúnjẹ, kò sí bá a ṣe máa débẹ̀ ká má sọ ọ́, torí "ìfò Likai" ni orúkọ omi náà. Àmọ́ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ pa ọmọ rẹ̀ sè, tó jẹ ẹ́ láìmọ̀, tó wá rí ìka ọmọ náà kó tó bẹ́ láti orí àpáta, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé ìtàn ìdí oúnjẹ nìyẹn? Mo ti bá ọmọkùnrin tó mú wa kiri sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn ló dùn mí jù. Láti abúlé Tyrna sọ̀ kalẹ̀ sí abúlé Nongriat, níbi tí afárá alájà méjì wà, àtẹ̀gùn tó lé ní 3,000 ni, iye kan náà lèèyàn á sì gùn padà. Afárá náà tó ohun tá à ń lọ wò o, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ: gbòǹgbò igi tó jẹ́ ìbátan ọdán àti ọ̀pọ̀tọ́ wa làwọn Khasi, ọmọ ìbílẹ̀ òkè náà, tọ́ sọ́nà kọjá odò fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi le tó láti gbé èèyàn. Ṣùgbọ́n àbúrò mi tó kọ "ìrìn díẹ̀" yẹn jẹ́ ọmọ ọdún 24, ńṣe ló ń sáré sọ̀ ọ́. Kò ro orúnkún ẹni ọdún 61 mọ́ ọn. Ọgbọ́n ni bẹ́ ẹ ṣe yí padà. Ohun tí ò dáa ni pé ẹ̀yin nìkan lẹ sùn sí Tyrna lálẹ́ ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò dúró tì yín. Ẹ ò tiẹ̀ kọ ìyẹn sílẹ̀, èmi ni mò ń kọ ọ́.

Ẹ tún ṣàròyé lórí ìwé ìrìnnà àti oúnjẹ. Ìwé ìrìnnà yín tí onílé ya ẹ̀dà rẹ̀, òfin Íńdíà ni: láàárín wákàtí 24 ló gbọ́dọ̀ fi orúkọ àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè ránṣẹ́ sí ìjọba. Jadoh, ìrẹsì àwọn Khasi tó ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nínú, tàwọn yòókù ni. Ìkòkò ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi se ẹyin yín.

Ìdajì owó ò ní ṣeé ṣe, mà. Bàálù, ọkọ̀ àti yàrá Sohra, ẹ lò wọ́n. Owó Nongriat lódindi, rúpìì 4,500, ti padà sínú àkáǹtì yín lánàá. Fọ́tò oṣù Keje, tòun ti kùrukùru rẹ̀, ló wà níwájú ìpolówó wa báyìí, a sì kọ iye àtẹ̀gùn sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Ẹni mẹ́rin ti fagi lé ìrìn wọn látìgbà náà.

Agbòjò aláwọ̀ ewé yín ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá onílé ní Sohra. Ó ní òun ti ń gbé e lọ sọ́jà, kẹ́ ẹ má bínú. Màá bá yín gbà á bọ̀ lóṣù Kẹwàá.