strchr kò mọ ‘ẹ’ rárá

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ C, èdè tí wọ́n fi ń kọ prógírámù, ní Ìjẹ̀bú-Òde, Àgọ́-Ìwòyè àti Ìlíṣàn, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ yín gbà gbọ́: pé lẹ́tà yòówù kéèyàn máa wá nínú string (ọ̀rọ̀ tí a kọ sínú prógírámù), strchr, irinṣẹ́ C tó ń wá lẹ́tà, á bá a rí i, àti pé bí kò bá ti dá NULL (ìyẹn ‘n kò rí i’) padà, lẹ́tà náà wà níbẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì la kọ síbẹ̀, kò burú. Tó bá di Yorùbá, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Báìtì, ìyẹn nọ́ńbà kéékèèké tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ni strchr ń wá. Ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan látìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń dá àdírẹ́sì èyí tó bá kọ́kọ́ bá mu padà. (Àdírẹ́sì ni o, kì í ṣe nọ́ńbà ipò. Ẹni tó bá fẹ́ ipò, kó yọ àdírẹ́sì ìbẹ̀rẹ̀ string kúrò nínú rẹ̀.) Àmì 128 péré ló wà nínú ASCII, ètò àtijọ́ tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ níbẹ̀. Nínú UTF-8, ètò ìkọ lẹ́tà tó gba Yorùbá, tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní 1992, báìtì mẹ́ta ni ẹ: E1 BA B9. Abájọ tí strlen, tó ń ka iye báìtì, fi ń ka "Ìjẹ̀bú" sí 11, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà márùn-ún là ń rí.

Ẹ wá wo Ṣàgámù, tí kò ní ẹ kankan:

char *p = strchr("Ṣàgámù", 'ẹ');

Clang àti GCC ni kọ̀ǹpáílà tó ń sọ kóòdù C di prógírámù. Clang á kọ̀ jálẹ̀. GCC á kìlọ̀, ṣùgbọ́n á gbà á, ta ló sì ń ka ìkìlọ̀? Á kó báìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ di nọ́ńbà kan. Nígbà tí strchr bá sọ nọ́ńbà náà di char, tó jẹ́ báìtì kan péré, B9 tó gbẹ̀yìn nìkan ló máa kù. Bẹ́ẹ̀, E1 B9 A2 ni Ṣ! Àárín Ṣ gan-an ni p á lọ tọ́ka sí. Ká tiẹ̀ yọ Ṣ kúrò, ù tó wà nípẹ̀kun, C3 B9 lòun náà. Prógírámù á ní ẹ wà ní Ṣàgámù, kò sì ní fara hàn pé nǹkan kan ṣe é.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé bí irú èsì yìí bá jáde, àmì ìsàlẹ̀ làwọn ọmọ wa máa ń yọ dànù, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà kò gba Yorùbá. Ó gbà á! Strstr, tó ń wá string kan nínú òmíràn, ni kí ẹ lò:

strstr(oruko, "ẹ")

Ẹ ṣàkíyèsí àmì ọ̀rọ̀ onílà méjì yẹn. Báìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa wá pa pọ̀, báìtì tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà nínú UTF-8 kì í sì í jọ èyí tó wà láàárín, nítorí náà kò lè já sí àárín lẹ́tà mìíràn. Ṣàgámù á fún yín ní NULL, Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ á bọ́ sójú ẹ wọn, yálà ohùn wà lórí rẹ̀ tàbí kò sí.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà di NFC o, ìyẹn ọ̀nà ìkọ kan ṣoṣo fún lẹ́tà àti àmì rẹ̀. Kíbọọ̀dù míì máa ń kọ è ná kó tó fi àmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lójú, kò yàtọ̀ sí ẹ̀ tiwa, àmọ́ báìtì rẹ̀ yàtọ̀, strstr kò sì ní rí i.