Wáìnì pupa fún ẹran, funfun fún ẹja? Òfin yẹn kò tó fi yan ibi ìtọ́wò

Àwọn arìnrìn-àjò tó ń wá ibi tí èèyàn díẹ̀ ti máa ń jókòó yí tábìlì ká, tí ẹnì kan tó mọṣẹ́ á máa bu wáìnì fún wọn tọ́ wò pẹ̀lú oúnjẹ, òfin kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú wọn gbé dání: pupa fún ẹran, funfun fún ẹja. Bí wọ́n bá rí wáìnì pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja nínú ètò ibì kan, wọ́n á ní àwọn yẹn ò mọ nǹkan kan, wọ́n á kọjá. Ibi tí wọ́n bá ti rí wáìnì pupa mẹ́fà pẹ̀lú ẹran sísun ni wọ́n á sanwó sí. Kí wọ́n tó dé ife kẹta, ẹnu wọn ti gbẹ, ahọ́n wọn ò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀kan àti èkejì mọ́.

Ojú ló ń rí àwọ̀, ahọ́n ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí oúnjẹ ń bá pàdé nínú wáìnì ni kíkan rẹ̀, ṣúgà tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, agbára ọtí rẹ̀, bó ṣe wúwo lẹ́nu sí, àti tánínì. Tánínì ló máa ń mú kí ẹnu gbẹ bíi ti ẹni tó mu tíì dúdú tó ti pẹ́ jù nínú omi gbígbóná. Inú èèpo àti kóró èso àjàrà ló ti ń wá. Omi inú ọ̀pọ̀ jù lọ àjàrà dúdú kò ní àwọ̀ rárá; èèpo tó bá a gbé nígbà tó ń di ọtí ló ń sọ ọ́ di pupa, tó sì ń fi tánínì sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rí Champagne funfun ṣe látinú Pinot Noir, àjàrà dúdú.

Ṣé ẹ máa wá ní pupa ṣáà ni tánínì wà? Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ bí wáìnì ṣe pọ́n tó kò sọ bí tánínì rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹ wo Nebbiolo, àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe Barolo ní Ítálì. Pupa rẹ̀ kì í ṣú, ẹni tó bá wò ó nínú ife á rò pé ó rọ̀, àfi ìgbà tó bá gbé e mì tí ẹnu rẹ̀ gbẹ táútáú. Gamay tí wọ́n fi ń ṣe Beaujolais ní Faransé, pupa lòun náà, tánínì rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Àwọ̀ tiẹ̀ lè tan ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà jẹ. Ní ọdún 2001, Gil Morrot, Frédéric Brochet àti Denis Dubourdieu, àwọn olùwádìí ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n po aró pupa tí kò ní òórùn mọ́ wáìnì funfun, wọ́n gbé e fún èèyàn 54 tó ń kọ́ iṣẹ́ wáìnì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń lò fún òórùn wáìnì pupa ni àwọn yẹn fi ṣàpèjúwe rẹ̀.

Òfin náà kò ṣàdédé wáyé o. Àwọn wáìnì pupa kan wà tó jẹ́ pé, bí èèyàn bá mu wọ́n lé ẹja, ẹnu á máa rùn bí ẹja tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 2009, àwọn olùwádìí ní Japan fi hàn pé èròjà irin tó wà nínú wáìnì ló ń fà á, pàápàá tó bá ti tó nǹkan bíi mílígíráàmù 2 nínú lítà kan. Wáìnì pupa míì ní irin díẹ̀ gan-an, kò sì ní ṣe ẹja ní nǹkan kan. Ẹja ọlọ́ràá tí wọ́n jẹ ní tútù àti wáìnì tí irin inú rẹ̀ pọ̀ ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ síra wọn.

Ní Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n máa ń se lamproie, ẹja gígùn bí ejò, nínú wáìnì pupa, pupa náà ni wọ́n sì fi ń gbé e jẹ. Ní Alsace, ní Faransé kan náà, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti kábéèjì kíkan ni wọ́n ń jẹ pẹ̀lú Riesling, wáìnì funfun, torí kíkan rẹ̀ ń ja ọ̀rá ẹran náà kúrò lẹ́nu.

Ẹni tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ béèrè pé ẹran ni tàbí ẹja. Kí ni wọ́n fi sè é? Kí ni wọ́n dà lé e lórí? Adìyẹ tí wọ́n se nínú bọ́tà àti adìyẹ tí wọ́n fi ata rẹpẹtẹ sun, wáìnì kan náà kò lè bá méjèèjì mu. Ata àti ọtí tó lágbára máa ń ru ara wọn sókè ni, nítorí náà wáìnì tí ọtí rẹ̀ kò pọ̀, tó ní ṣúgà díẹ̀, ló máa tù yín lára. Tó bá jẹ́ ìpápánu aládùn, wáìnì náà gbọ́dọ̀ dùn jù ú lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á kan bí ọtí kíkan. Ṣíìsì ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn bá funfun mu ju pupa lọ, bí gbogbo ayé tiẹ̀ ń gbé pupa tì í.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní wáìnì tirẹ̀, àbí àwo kan ṣoṣo ni wọ́n á gbé kalẹ̀ kí kálukú máa mú. Ẹ béèrè iye èèyàn tó máa jókòó. Ìgò kan jẹ́ mílílítà 750. Tí wọ́n bá ń bu mílílítà 50 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, á tó èèyàn 15. Ibi tí wọ́n bá ti ń kó èèyàn 15 jọ, ìgò kan ni wọ́n ń ṣírò, wọn ò ro ìbéèrè tiyín. Ní tiwa, mẹ́jọ ti tó. Wáìnì márùn-ún sí mẹ́fà láàárín wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì ló dáa. Mẹ́wàá pẹ̀lú oúnjẹ, ariwo lásán ni. Wáìnì mẹ́fà báyẹn jẹ́ mílílítà 300, ife kíkún méjì, tí ọtí gidi inú rẹ̀ á sì tó gíráàmù 31 bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ 13%. Ẹ má wa ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá sí garawa tí èèyàn lè tu wáìnì sí, ẹ béèrè fún un. Kò sí àfojúdi níbẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ fúnra wọn ń tu ú.

Ẹ tún béèrè bí wáìnì pupa ṣe máa ń tutù tó. Ẹni tó bá dáhùn pé “bó ṣe wà nínú yàrá,” ẹ fura sí i. Yàrá tó gbóná dé 25°C máa ń jẹ́ kí ọtí bo gbogbo adùn yòókù mọ́lẹ̀. 14 sí 18°C ló yẹ pupa, 8 sí 12°C fún funfun. Bí funfun bá tutù jù, òórùn rẹ̀ kò ní jáde. Ẹ má fín lọ́fínńdà lọ síbẹ̀.

Tí ẹ bá ti jókòó, ẹ mu wáìnì nìkan lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ oúnjẹ, kí ẹ tún mu ún. Ṣé ó ti korò sí i ni, àbí ó ti rọ̀? Lẹ́yìn náà, ẹ gbé funfun lé ẹran, kí ẹ gbé pupa lé ẹja. Bí pupa bá le jù lẹ́yìn ẹran, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ bù díẹ̀ sí ẹran náà, kí ẹ tún mu wáìnì yẹn kan náà: iyọ̀ á dín ìkorò rẹ̀ kù, kíkan inú ọsàn á sì jẹ́ kí wáìnì náà rọ̀ lẹ́nu.