Owó Tó Ń Wá Látorí Íntánẹ́ẹ̀tì fún Ọmọ Ilé Ìwé Ìjọba: Ẹ Bo Àṣírí Ọmọ

Bí àkókò ìforúkọsílẹ̀ fún ìdánwò ìwé mẹ́wàá bá ti ń lọ sópin lọ́dọọdún, kò ṣòro láti dá ọmọ tí owó tirẹ̀ kò tíì pé mọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Òun ni kì í gba iwájú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé kọjá. Bí olùkọ́ bá mú ìwé orúkọ dání wọlé, á tẹrí ba bí ẹni tó ń wá bírò tó já bọ́ sábẹ́ àga. ₦27,000 ni àjọ WAEC gbà lórí ọmọ ilé ìwé kọ̀ọ̀kan fún ìdánwò ọdún 2025, bẹ́ẹ̀ ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ láti ọdún 2024. Òbí tó bá ní ọmọ méjì ní kíláàsì àṣejáde, ₦16,000 ni yóò kù fún un láti fi jẹun, láti fi wọkọ̀, láti fi sanwó ilé. Àwọn òbí tó ń kiri ọjà tàbí tó ń gun ọ̀kadà kò tilẹ̀ ní owó oṣù kankan tí wọ́n lè fọkàn tẹ̀.

Ìdí nìyí tí inú wa fi dùn sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ìròyìn, ìtàn àti àlàyé oríṣiríṣi sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ń yọ díẹ̀ nínú owó tí ìpolówó ọjà ń mú wọlé fún wọn láti fi ran àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba lọ́wọ́, pàápàá ilé ìwé tí àwọn fúnra wọn ti jáde. Láti ọdún 2024 tí Facebook ti ṣí ọ̀nà àtirówó yìí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, iye àwọn tó lè ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ ti lé sí i. A fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe é jáwọ́ nínú rẹ̀ lónìí: kí wọ́n yé ya fídíò ojú ọmọ tí wọ́n ràn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin náà á ti rí irú fídíò bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin kan dúró níwájú gbogbo ilé ìwé níbi ìtò àárọ̀, ọrùn yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ ti ṣá, wọ́n sì kó ìwé àti báàgì tuntun lé e lọ́wọ́ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án lágbọ̀n. Ẹnì kan tí a kò rí ń bi í léèrè pé kí ni orúkọ rẹ̀, kíláàsì wo ló wà, bàbá rẹ̀ ńkọ́. Ọmọ náà dáhùn pé bàbá òun ti kú. Wọ́n ní kó tún un sọ, kó gbóhùn sókè.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá gbà wá lọ́wọ́ ìṣòro ni a máa ń sọ pé ó bò wá láṣírí. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe àsọdùn. Ohun tí ìrànlọ́wọ́ jẹ́ lójú àwọn bàbá wa gan-an ni, pé kí ayé má mọ̀ pé a kò ní. Ọ̀kan nínú àwa tí à ń ṣe ìwé ìròyìn yìí jẹ gbèsè owó ìdánwò nígbà tó wà ní kíláàsì àṣejáde. Ọ̀gá ilé ìwé pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní owó náà ti wọlé, ó ní kó máa lọ kàwé rẹ̀. Kò mọ ẹni tó san án títí di òní, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ọmọ inú fídíò kò lè rí irú àánú yìí gbà. Bó bá di ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tó ń wá iṣẹ́ tàbí tó ń múra ìgbéyàwó, ohùn rẹ̀ ṣì lè wà níbẹ̀ tí yóò máa sọ pé bàbá òun ti kú.

Èyí tó dùn wá jù ni pé fídíò náà ń pa owó. Bí àwọn tó ń wò ó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìpolówó ara rẹ̀ ń mówó wọlé, tó fi jẹ́ pé ẹni tó fún ọmọ ní ₦27,000 lè rí ìlọ́po rẹ̀ gbà lórí ẹkún ọmọ náà. Ọmọ ti di ọjà nìyẹn. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìkọ̀kọ̀ ayé rẹ̀, òfin ọdún 2023 lórí ìdáàbòbò ìsọfúnni ará ìlú sì béèrè ìyọ̀ǹda òbí kí ẹnikẹ́ni tó lo ìsọfúnni ọmọ. Ọ̀gá ilé ìwé tó ní kí ọmọ wá dúró níwájú kámẹ́rà kò ní àṣẹ láti fúnni ní ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn kan á ní báwo ni àwọn tó ń ka iṣẹ́ àwọn yóò ṣe gbà pé owó náà dé ibi tó yẹ. Ìbéèrè gidi ni, nítorí ọ̀pọ̀ ti fi orúkọ ọmọ aláìní kó owó jẹ. Ẹ san owó náà sí àkáǹtì ilé ìwé, kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ mọ̀ sí i, kí ẹ sì gbé rìsíìtì àti iye ọmọ tí a sanwó fún síta láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ kíláàsì ló mọ ọmọ tí kì í mú oúnjẹ wá. Ẹ jẹ́ kó yan àwọn ọmọ náà pẹ̀lú ọ̀gá ilé ìwé, láìsí ariwo.

A tún rọ̀ yín kí ẹ ro ibi tí ẹ ó na owó náà sí dáadáa. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 2004 gbé ẹrù ọmọ lé ìjọba lórí láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ọdún kẹta ní girama. Ìpínlẹ̀ tó bá sì mú ìdajì tirẹ̀ wá ni UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yìí, ń fún ní ìdajì yòókù láti kọ́ kíláàsì, kí ó sì ra àga. Bí ẹ bá ń fi owó yín ṣe òrùlé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gómìnà tí kò san ìdajì tirẹ̀ lẹ ń bá gbé ẹrù. Lẹ́yìn ọdún kẹta yẹn ni òfin náà fi ọmọ sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni owó ìdánwò ti ń dúró dè é. Ìpínlẹ̀ Èkó ń san án fún àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba rẹ̀. Kò sí ìdí tí ìpínlẹ̀ tí kò bá tíì máa san án ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, kò fi ní ṣe bẹ́ẹ̀. Títí wọn yóò fi ṣe é, ibẹ̀ ni kí owó yín máa lọ.

Ẹ má sì ṣèlérí owó oṣooṣù. Owó ìpolówó kì í dúró sójú kan: ó máa ń ga nígbà ọdún Kérésì, á sì já wálẹ̀ bí ọdún tuntun bá wọlé. Ṣùgbọ́n owó ìpolówó tí Google bá kà fún yín ní oṣù Kejìlá, láàárín ọjọ́ 21 sí 26 oṣù Kìíní ló ń jáde, bó bá ti pé 100 dọ́là. Kí ẹ tó fọwọ́ kan owó yẹn fún ohun mìíràn, ẹ pe ọ̀gá ilé ìwé tí ẹ ti jáde, ẹ bi í pé ọmọ mélòó ni kò tíì san owó ìdánwò. Iye wọn nìkan ni kí ẹ béèrè.