Ta ló fi pupa kun màmá tó ti sanwó?

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù àdúgbò wa ní conditional formatting, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí Excel, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, máa kun ìlà fúnra ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin téèyàn bá fún un? Onítọ̀hún ò ṣe wá dáadáa rárá. A ń dá owó tìràńsífọ́mà kí iná lè dé àdúgbò, wọ́n sì bu iye tí kálukú máa san fún un. Akọ̀wé wá ju screenshot Excel sórí WhatsApp, pupa ni ẹni tí owó ẹ̀ ò tíì pé, pupa fòò ló kún inú ẹ̀, ìlà tó pupa pọ̀ ju èyí tí ò pupa lọ, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "ẹni tó bá rí ara ẹ̀ nínú pupa, ẹ mọ ara yín o." Ẹ mọ ara yín kẹ̀!

Màmá tó ń ta òkú Èkó lẹ́bàá ọ̀nà ló ká mi lára jù. ₦10,000 ni wọ́n bù fún ṣọ́ọ̀bù, màmá sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ san án, torí firísà ẹ̀, ta ló tún fẹ́ iná jù ú lọ? Wọ́n já rìsíìtì fún un. Síbẹ̀ pupa ni orúkọ ẹ̀. Kílẹ̀ tó mọ́, àwọn kan ti ń kọ ọ́ pé kí wọ́n lọ já wáyà ẹ̀ lórí pólù. Ọmọ-ọmọ ẹ̀ ló ka á fún un, ló bá ká rìsíìtì mọ́ ìdí aṣọ, ó ń gbé e kiri láti ilé dé ilé. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ohùn ẹ̀ ti há. "Bàbá Ìbejì, bá mi wò ó, àbí wọ́n ti ná owó mi ni?"

Excel ni mo fi ń jẹun, mo bá ní kí akọ̀wé fi fáìlì gangan ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe fọ́tò. Ọmọ dáadáa ni, ó fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ṣí Conditional Formatting, mo tẹ Manage Rules, òfin kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀:

=$C3<$B$3

C ni owó téèyàn san, B ni iye tí wọ́n bù fún un, bí C bá kéré sí B, Excel á kun ìlà náà ní pupa. Ẹ wo àmì dọ́là kejì ní ara B yẹn, èyí tó wà níwájú 3. Dọ́là yẹn ń sọ fún Excel pé má kúrò lójú kan, ò báà dé ìlà 4, ò báà dé ìlà 40, ìlà 3 ni kó o máa wò. Ta ló wá wà ní ìlà 3? Alága! Alága tó nílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n bù ₦50,000 fún. Ìyẹn ni pé owó Alága ni wọ́n fi ń wọn ₦10,000 màmá ẹlẹ́ja. Gbogbo onílé ilẹ̀ tí wọ́n ní kó mú ₦30,000 wá, tó mú un wá pé géérégé, pupa ni gbogbo wọn. Tó bá jẹ́ =$C3<$B3 ló kọ ni, kálukú ì bá bá owó tiẹ̀ pàdé.

Mi ò tíì dé ibi tó bí mi nínú o. Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà, ₦50,000 ni tiẹ̀ náà, wọ́n kọ "10k transfer" síwájú orúkọ ẹ̀, ìyẹn ni pé ₦10,000 péré ló san. Kò pupa. Funfun báláú! Torí pé "10k transfer" kì í ṣe owó lójú Excel, ọ̀rọ̀ ni, bí Excel bá sì ń fi ọ̀rọ̀ wé nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ ló máa ń kà sí èyí tó tóbi jù nígbà gbogbo, ẹ kọ "ẹ̀gúsí" síbẹ̀ kẹ́ ẹ rí i, á ju mílíọ̀nù lọ. Ojú lásán ì bá tiẹ̀ ti rí i, torí nọ́ńbà máa ń sún mọ́ apá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ á sún mọ́ òsì, àmọ́ ọ̀gbẹ́ni akọ̀wé ti kó gbogbo ẹ̀ sí àárín. Ó ní ó rẹwà bẹ́ẹ̀.

Mo kọ gbogbo ẹ̀ sórí gúrúùpù. Èsì tí mo gbà? "Kọ̀ǹpútà kì í parọ́." "Ẹni tó ti san, kí ló ń bà á lẹ́rù?" Ẹnì kan ní àwọn onígbèsè ló bẹ̀ mí lọ́wẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í parọ́ lóòótọ́, ohun tẹ́ ẹ bá ní kó wé ló máa wé. Ní 2020, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16,000 èsì àyẹ̀wò àwọn tó ní Kòrónà tó sọnù fún ìgbà díẹ̀ ní England torí pé irú fáìlì Excel àtijọ́ tí wọ́n ń lò ò gbà ju ìlà 65,536 lọ, àwọn yẹn ìjọba ni o, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù.

Èmi ò ní kẹ́ ẹ má kun nǹkan. Ẹ kùn ún lórí láptọ́ọ̀pù yín, kẹ́ ẹ fi wá àṣìṣe. Tó bá di ká gbé e síta, ẹ ṣí kọ́lọ́ọ̀mù kan, kẹ́ ẹ kọ iye tó kù fún kálukú, B3-C3, ó tán. Bẹ́ ẹ bá ní mo jẹ ₦20,000, mo lè mú rìsíìtì wá ká jọ rò ó. Pupa ńkọ́, kí ni mo fẹ́ bá pupa rò?

Akọ̀wé ti tún un ṣe ṣá, ó sì bẹ màmá. Àmọ́ ẹ gbọ́ nǹkan. Bàbá kan tó nílé ilẹ̀, tó ti san ₦30,000 ẹ̀ pé, nígbà tó rí pupa, ìtìjú ò jẹ́ kó bi ẹnikẹ́ni, ó lọ fi ₦20,000 kún un. Àwọn méjì mìíràn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Alága wá ń sọ pé kí wọ́n má dá a padà, pé owó tìràńsífọ́mà ò tíì pé, kí wọ́n kà á sí ọrẹ. Ó yẹ kí n pariwo, mo mọ̀. Mo ti kọ ọ́ tán lórí fóònù, mi ò tíì tẹ send, torí pé owó ọ̀hún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé báyìí, èmi náà sì ti ń sùn nínú òkùnkùn tipẹ́.