Gbogbo Ẹ̀gbá Ti Di Olóòtú

Ẹni tó bá wọ Abẹ́òkúta lásìkò yìí tí kò ní niúsílẹ́tà, ìyẹn lẹ́tà tí ènìyàn ń fi ímeèlì kọ ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èrò, kó yáa máa gba ẹ̀yìnkùlé rìn. Tẹ́lẹ̀, bí a bá pàdé lóde ìnáwó, aṣọ la fi ń mọ ẹni tí nǹkan ń ṣẹnuure fún. Ó di mọ́tò, ó di fóònù. Ní báyìí, wọn ò tíì bu ọbẹ̀ sí àmàlà yín tán tí ẹni tó jókòó tì yín á ti na fóònù sí yín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi ímeèlì yín síbí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ niúsílẹ́tà." Kò bi yín bóyá ẹ máa ń kàwé. Bóyá ẹ tiẹ̀ ní ímeèlì, kò bi yín. Bí ẹ bá ní ẹ ò ní, á bá yín ṣí i lójú ẹsẹ̀, á sì yan password tí ẹ̀yin fúnra yín ò ní mọ̀ láéláé.

Aládìrẹ ní Ìtòkú ní tiẹ̀. Télọ̀ ní Láfẹ́nwá ní tiẹ̀, aṣọ tí mo gbé fún un ṣáájú Iléyá ló ṣì wà lábẹ́ máṣìnnì. Onílé kan tiẹ̀ ń fi tiẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ayálégbé lóṣooṣù, ó ń kọ ọ́ lédè òyìnbó tó le, nípa ẹni tó gbàgbé láti pa ẹ̀rọ omi.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan yẹ̀ wò fínnífínní. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta ìrẹsì ọ̀fadà ní Kútọ̀ ló ni ín. Lẹ́tà àkọ́kọ́ wọlé lóṣù kìíní: "Ẹ káàbọ̀ sí ẹbí wa! Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, n ó máa gbé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wá fún yín." Àwòrán rẹ̀ wà lókè, ó ká apá sáyà lẹ́sẹ̀ àpáta Olúmọ, ó ń wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tí mọ́tò já sílẹ̀ tí kò mọ ibi tó wà. Lẹ́tà kejì dé lóṣù kẹrin: "Ẹ má bínú pé ẹ ò gbúròó mi, iṣẹ́ ló pọ̀." Ẹ̀kẹta, oṣù kẹjọ: "A ti padà dé, ọ̀tun la sì gbé dé!" Kò sí ẹ̀kẹrin. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ náà ò tíì jáde títí dòní. Iye tí kóńgò ọ̀fadà kan ń lọ, tí í ṣe ohun kan ṣoṣo tí gbogbo wa fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò fìgbà kan kọ ọ́.

Nísàlẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí àdírẹ́sì yìí: 548 Market Street, San Francisco. Substack, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ niúsílẹ́tà, ló ni ín. Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà láti 2003 pé lẹ́tà ímeèlì tó bá jẹ mọ́ òwò gbọ́dọ̀ gbé àdírẹ́sì gidi dání, ilé-iṣẹ́ náà wá ń yá gbogbo àwọn tó ń lo irinṣẹ́ rẹ̀ ní tirẹ̀. Ìyá àgbà kan ní kí ọmọ-ọmọ òun ka lẹ́tà náà fún òun, ìyẹn sì kà á débẹ̀. Màmá figbe ta: "Ọmọ yìí ti já sí Amẹ́ríkà? Òun tí mo rí ní Kútọ̀ láàárọ̀ yìí!" Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹbí méjì ti pè é nítorí owó ilé-ìwé ọmọ, ẹ̀kẹta sì ní kó bá òun wo fóònù tí kò lò pẹ́ lọ́hùn-ún.

Ohun tó ń pa wọ́n lọ́tí jù ni kíka orí. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń dá rẹ́rìn-ín nínú takisí ní Sápọ́n, ẹ má rò pé ìfẹ́ ni. Ó ń wo iye ènìyàn tó ṣí lẹ́tà rẹ̀ ni. Bí irinṣẹ́ náà ṣe ń mọ̀ ọ́n rèé: wọ́n á fi àwòrán kékeré kan tí ojú ò lè rí pamọ́ sínú lẹ́tà, bí fóònù yín bá ti lọ gbé àwòrán yẹn wá, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ti ṣí i. Apple wá da ìlù rú ní 2021. Ẹni tó bá gbà kí wọ́n máa dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ òun, áàpù ímeèlì Apple á ti gbé àwòrán náà wá fúnra rẹ̀, ì báà jẹ́ pé onítọ̀hún ò fọwọ́ kan lẹ́tà ọ̀hún. Ẹni tó ń hanrun lọ́wọ́, tí iPhone rẹ̀ wà lẹ́nu ṣájà, wọ́n ti kà á mọ́ àwọn tó ń gbádùn àròjinlẹ̀ yín nípa ìfaradà. Ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ ìyẹn fún olóòtú wa. Á ní ìlara ló ń bá yín jà.

"Ọ̀fẹ́ ni!" Ìyẹn ni wọ́n ń fi borí ẹjọ́. Òótọ́ kúkú ni. Substack ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín títí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń kà yín, ìgbà náà ni yóò máa yọ ìdá mẹ́wàá. Níwọ̀n bó ti jẹ́ òfo làwọn ará wa ń pa wọlé, ìdá mẹ́wàá òfo ni ilé-iṣẹ́ náà ń gbà, kò sì tíì ráhùn. Mailchimp, irinṣẹ́ niúsílẹ́tà mìíràn tó ń gba orúkọ 2,000 lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, gé e sí 500 nígbà tó yá. Obìnrin kan ní Ìbarà gbọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, ó ní wọ́n fẹ́ dínà àṣeyọrí òun. Orúkọ 23 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, mẹ́rin nínú wọn jẹ́ tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ò sì sọ pé òun ò ní kú: Google pa Reader rẹ̀, áàpù tí ènìyàn fi ń ka ohun tuntun lórí ìkànnì, lọ́jọ́ kìíní oṣù keje 2013, Twitter ra Revue, irinṣẹ́ niúsílẹ́tà kan, ní 2021, ó sì tì í pa ní oṣù kìíní 2023, TinyLetter, tí í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, náà di àwátì ní oṣù kejì 2024. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ mọ́ wọn, àwọn niúsílẹ́tà Abẹ́òkúta tí mo mọ̀ kì í dúró de kí ilé-iṣẹ́ kú kí wọ́n tó kú.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ogún bàbá wa dẹ́rù bà yín. Gbogbo olóòtú tuntun ló máa rán yín létí pé Abẹ́òkúta níbí ni Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Ìwé Ìròhìn ní 1859, pé ọ̀rọ̀ yìí wà lẹ́jẹ̀. Kò burú. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni tàwọn Townsend ń jáde, 120 owó ẹyọ ni wọ́n sì ń tà á. Ẹni tó ka owó ẹyọ 120 sílẹ̀ kò ní gba "ẹ má bínú pé ẹ ò gbúròó mi" lọ́wọ́ yín. Ẹni tó dé, ẹni tó lọ, ẹni tí wọ́n rì bọmi, iye tí òwú ń lọ, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìgbà tí Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó jáde ní 1867 ló kógbá sílé. Ti òde òní kò nílò ìjà kankan. Olówó rẹ̀ á kàn gbàgbé password.

Ohun tó jẹ́ kó dá mi lójú pé fáàrí ni gbogbo rẹ̀ ni RSS. Netscape ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1999. Ẹni tó ń kọ̀wé á ní fáìlì kan lórí ìkànnì rẹ̀, àkọlé àti líǹkì ohun tuntun tó bá kọ á wà nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ máa kà á á fi àdírẹ́sì fáìlì yẹn sínú áàpù, irú Feedly tàbí NetNewsWire, áàpù á máa yà wò ó, bí nǹkan tuntun bá wà á gbé e wá. Ó tán. Kò sẹ́ni tó gba ímeèlì ẹnikẹ́ni, kò sí pé spam gbé e mì, ẹni tó bá sú a yọ ọ́ kúrò láìdágbére. WordPress, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, ń ṣe é fún yín láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́: ẹ fi /feed/ sí ìparí àdírẹ́sì ìkànnì yín, ẹ ó bá a níbẹ̀. Substack náà ní in. Pódíkáàsì tí àwọn ọmọ wa ń fi sétí láti Abẹ́òkúta dé Èkó, RSS ló ń gbé e rìn. Kí ló wá dé tí ẹ ò gbọ́ kí ọmọ Ẹ̀gbá kan fi í yangàn? Nítorí pé kò ka orí ni. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè máa kà yín, ẹ ò ní mọ orúkọ ẹyọ ẹnì kan.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ọlọ́fadà wa. Ó gbọ́ ọ dópin, ó ní, "Bùọ̀dá, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ń kà mí?" Mo ní bóyá kó bi wọ́n nígbà tí wọ́n bá wá ra ìrẹsì. Ojú àánú ló fi wò mí.

Ibi tọ́rọ̀ le sí gan-an ni jíjáde. Láti 2024, Gmail àti Yahoo ti pa á láṣẹ pé ẹni tó bá ń kó lẹ́tà rẹpẹtẹ ránṣẹ́ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ṣe é kí ènìyàn lè fi títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kúrò. Ó dáa, ṣùgbọ́n òyìnbó ò mọ àna. Ọkùnrin kan ládùúgbò wa, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló ń kọ niúsílẹ́tà nípa ìdókòwò. Ó sú u, ó tẹ unsubscribe lálẹ́ ọjọ́ kan. Kò mọ̀ pé irinṣẹ́ náà lè ta olówó rẹ̀ lólobó. Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí ti ìyàwó fi dún. Ìyàwó gbọ́, ó dákẹ́, ó yíjú sí i: "Bàbá Ìbejì, ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ ti kúrò."

"Kúrò níbo?"

"Wọ́n ní ẹ kúrò nínú ẹbí."

Bàbá ìyàwó pè lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ Àìkú, ọkùnrin yìí wọ agbádá lọ sí Aké, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ìka òun ló ṣèèṣì. Wọ́n gbé fóònù fún un níbẹ̀, ó subscribe padà níṣojú gbogbo ilé. Irinṣẹ́ bi í bóyá ó dá a lójú. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Irinṣẹ́ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní bó bá lè pe ènìyàn mẹ́ta sí i, wọ́n á fún un ní ìwé kan lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ mi ló kọ́kọ́ fi sí i.